Ọwọ́ bíréèkì àti ọwọ́ kílọ́ọ̀ṣì páwà báìkì: ìbéèrè tí ẹ máa ń bi mí n'Íbàdàn, àti ìdáhùn wọn

Ẹ̀yin tí ẹ ń gun R6, CBR, GSX-R, Ninja àti àwọn ẹgbẹ́ wọn káàkiri ìlú Ìbàdàn, ìbéèrè yín lórí ọwọ́ bíréèkì àti ọwọ́ kílọ́ọ̀ṣì (èyí tí ẹ ń fún kí ẹ tó yí jíà) pọ̀, púpọ̀ nínú wọn ló sì jọra. Mo kó wọn jọ síbí kí ẹni tó fẹ́ ra nǹkan lè kà á kó tó náwó, kí mẹkáníìkì tó fẹ́ dè é náà lè kà á kó tó mú sípánà. Ìbéèrè kan wà láàárín tí ìdáhùn rẹ̀ gùn ju ìyókù lọ, èyí tó dá lórí bíréèkì tó ń di ara rẹ̀ mú. Bí ẹ kò bá ráyè ka gbogbo rẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka ìyẹn.

Ẹ̀gbọ́n, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ra páwà báìkì tòkunbọ̀. Mo fẹ́ pààrọ̀ ọwọ́ méjèèjì sí irú èyí tó ń dán yẹn. Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Ẹ kú oríire o. Ibi ọ́ìlì bíréèkì ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ẹ wo ojú gíláàsì kékeré tó wà lára ìkòkò ọ́ìlì níwájú. Ọ́ìlì tó ṣì dára máa ń mọ́ gaara, ó lè ní àwọ̀ ìyeyè fẹ́ẹ́rẹ́. Bó bá ti pọ́n rokoṣo tàbí tó dúdú, ó ti pẹ́ níbẹ̀. Báìkì tòkunbọ̀ lè ti jókòó pẹ́ lọ́dọ̀ ẹni tó ni ín lókè òkun, kó tún jókòó ní ibùdó ọkọ̀ ojú omi, kó tó dé ọ̀dọ̀ yín, kí ẹnikẹ́ni má sì fọwọ́ kan ọ́ìlì rẹ̀ ní gbogbo àsìkò yẹn. Bí ẹ bá wá ra ọwọ́ tuntun lé irú bíréèkì bẹ́ẹ̀ lórí, ẹ kàn wọ agbádá tuntun lé egbò lórí ni.

Bó bá jẹ́ èmi ni, ọ́ìlì tuntun ló kọ́kọ́ máa wọlé. Lẹ́yìn ìyẹn ni n óò wo páàdì, n óò tú kálípà (ilé tí páàdì ń gbé), n óò nu àwọn písítìnì rẹ̀ mọ́, n óò sì fún wáyà kílọ́ọ̀ṣì lọ́ìlì. Ọ̀pọ̀ ẹni tó wá ra ọwọ́ tuntun ló jẹ́ pé nígbà tí a ṣe àwọn nǹkan wọ̀nyí tán, báìkì tí wọ́n gùn wá ti yàtọ̀ pátápátá sí èyí tí wọ́n gùn lọ. Owó wọn sì ṣì wà lápò.

Ṣé ọwọ́ tuntun máa jẹ́ kí bíréèkì mú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ?

Rárá, kò lè fi agbára kún un. Ohun tó ń dá báìkì dúró ni bí páàdì ṣe ń fún dísìkì (àwo irin tó ń yí pẹ̀lú táyà) mọ́ra àti bí táyà ṣe ń di ojú títì mú. Iṣẹ́ ọwọ́ bíréèkì ni láti gbé agbára ìka yín dé inú másítà, ìyẹn pọ́ńpù kékeré tó ń ti ọ́ìlì lọ sí kálípà. Èrè tó wà nínú ọwọ́ tó dára ni pé ó ṣeé sún mọ́ tàbí sún jìnnà sí hándù, kì í mì lójú ibi tó ti ń yí, ìka yín á sì mọ ibi tí bíréèkì ti bẹ̀rẹ̀ sí í mú gan-an. Èrè ńlá nìyẹn fún ẹni tó mọ̀ ọ́n lò. Ẹ má ṣáà retí pé ẹ óò tètè dúró nítorí pé àwọ̀ pupa tàbí àwọ̀ góòlù wà lọ́wọ́ báìkì.

Ẹ̀gbọ́n, obìnrin ni mí, ìka mi kúrú. Ọwọ́ bíréèkì jìnnà sí mi débi pé mo ní láti na ìka kí n tó mú un. Ṣé kí n ra èyí tó kúrú?

Ẹ má bínú, ọ̀rọ̀ kúkúrú àti jíjìnnà yàtọ̀ síra. Gígùn ọwọ́ láti ibi tó ti yí dé ṣóńṣó ni wọ́n ń wò tí wọ́n bá pè é ní kúkúrú. Ohun tí ẹ̀yin nílò ni èyí tó ṣeé sún mọ́ hándù. Ẹ kọ́kọ́ wo ọwọ́ tó wà lórí báìkì yín dáadáa: ọ̀pọ̀ páwà báìkì ló ti ní bọ́tìnì tàbí róòlù kékeré tí wọ́n kọ nọ́ḿbà sí lára, níbi tí ọwọ́ ti yí. Ẹ ti ọwọ́ síwájú, ẹ yí nọ́ḿbà náà, ẹ ó rí i pé ó ń sún mọ́ yín. Ẹ̀yà tí kò bá ní i, pàápàá lọ́wọ́ kílọ́ọ̀ṣì, ni kí ẹ ra tuntun fún.

Àmọ́ ẹ má sún un mọ́ jù. Ẹ jókòó sórí báìkì, kí ẹ fún bíréèkì pẹ̀lú gbogbo agbára yín. Bó bá kan ìka tó ṣẹ́kù lórí hándù kó tó mú dáadáa, ẹ sún un padà. Ti kílọ́ọ̀ṣì náà nìyẹn: ẹ rí i pé ó já pátápátá kí ọwọ́ tó kan hándù, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ jíà á máa le.

Èwo ló dára, ọwọ́ kúkúrú, gígùn, àbí èyí tó ń ṣẹ́po?

Fún bíréèkì, ìka méjì ni ọ̀pọ̀ wa fi ń mú un, nítorí náà kúkúrú tó gba ìka méjì sí mẹ́ta kò burú. Ṣùgbọ́n bí ọwọ́ bá ṣe gùn tó ni agbára ìka ṣe ń pọ̀ tó. Ẹni tó fi ìka rẹ̀ sí àárín ọwọ́ yóò fún un ju ẹni tó fi sí ṣóńṣó lọ kó tó rí agbára kan náà.

Ti kílọ́ọ̀ṣì ló yẹ kí ẹ ronú lé gan-an. Ẹ̀yin tí ẹ ń gba Ìwó Róòdù tàbí Dùgbẹ̀ lójoojúmọ́, ẹ mọ iye ìgbà tí ẹ ń fún kílọ́ọ̀ṣì láàárín ọkọ̀ tó dúró. Ọwọ́ kúkúrú á jẹ́ kó le ju bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ lọ, ọrùn ọwọ́ yín ló sì máa san gbèsè náà lálẹ́. Èmi máa ń fi gígùn sílẹ̀ níbi kílọ́ọ̀ṣì, kí n fi kúkúrú síbi bíréèkì. Ó lè má rẹwà lójú àwọn kan.

Èyí tó ń ṣẹ́po dára bí báìkì bá ṣubú níbi tó dúró sí: á ṣẹ́ sókè dípò kó kán. Ṣùgbọ́n ojú ibi tó ti ń ṣẹ́po yẹn náà ni ó kọ́kọ́ máa ń dẹ̀. Ẹ máa dì í mú kí ẹ mì í, bó bá ti ń ró, ẹ gbé e kúrò.

Báwo ni mo ṣe máa mọ ayédèrú ní Ararọ̀mí, ní Géètì?

Ọjà Ararọ̀mí tóbi, ojúlówó wà níbẹ̀, máńdà náà sì wà níbẹ̀. Ẹ mú ọwọ́ ti báìkì yín dání lọ. Ẹ gbé méjèèjì síra lórí tábìlì, kí ẹ wo ihò bóòtì, kí ẹ wo ìbú rẹ̀, kí ẹ sì wo imú tó ń ti písítìnì inú másítà. Ibi imú yẹn ni ẹ̀mí wà. Ọwọ́ tó dára, wọ́n sábà máa ń gé e láti inú álúmíníọ́mù kan ṣoṣo, ojú ibi tí wọ́n gé kì í ní ihò ṣínṣín, bóòtì rẹ̀ kì í sì í mì nínú ihò. Bí ẹni tó ń tà á bá sọ pé ọwọ́ kan ṣoṣo ń wọ báìkì mẹ́wàá, ẹ béèrè ẹ̀yà ìsopọ̀ (adapter) tó ń bá ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lọ, kí ẹ sì rí i lójú yín.

Láti ìgbà tí mo ti pààrọ̀ ọwọ́, bíréèkì iwájú máa ń mú fúnra rẹ̀ bí mo bá ti rìn díẹ̀. Bí báìkì bá tutù, á tú. Kí ló fà á?

Ẹ dúró ná, ẹ má gun báìkì yẹn mọ́ títí ẹ ó fi kà á tán.

Nínú másítà, lábẹ́ ìkòkò ọ́ìlì, ihò kékeré kan wà tí kò ju imú abẹ́rẹ́ lọ. Nígbà tí ẹ kò bá fọwọ́ kan bíréèkì, písítìnì gbọ́dọ̀ padà sẹ́yìn délẹ̀ kí ihò yẹn ṣí. Iṣẹ́ ihò náà ni pé bí ọ́ìlì bá gbóná tó sì gbòòrò, kó rí ọ̀nà padà sínú ìkòkò. Bí imú ọwọ́ tuntun bá gùn ju ti àtijọ́ lọ díẹ̀ péré, á máa ti písítìnì síwájú nígbà gbogbo, á sì bo ihò náà. Ẹ ó gun báìkì, ẹ ó fún bíréèkì nígbà méjì mẹ́ta, ọ́ìlì á gbóná, kò ní rọ́nà padà, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ti páàdì mọ́ dísìkì. Páàdì tó ń rá dísìkì á tún mú ooru wá, ooru á tún ti páàdì. Báyìí ni á ṣe máa pọ̀ sí i títí táyà iwájú á fi dì gbagidi lórí ìrìn. Bó bá dì lórí ìrìn, báìkì á gbé yín ṣubú kí ẹ tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀.

Ọmọkùnrin kan gbé báìkì rẹ̀ wá bá mi láti ọ̀nà Mọ́lété lọ́sàn-án. Ó ní láti Challenge ni báìkì ti ń wúwo sí i, ó rò pé ẹ́ńjìnì ni. Nígbà tó sọ̀ kalẹ̀, táyà iwájú kò yí mọ́, ṣe ni wọ́n gbé iwájú rẹ̀ wá. Mo wọ́n omi díẹ̀ sí dísìkì, ó hó bí ó ti kan án. Mo tú bóòtì kékeré tí a fi ń yọ atẹ́gùn lára kálípà díẹ̀, ọ́ìlì tú jáde pẹ̀lú agbára, táyà sì yí lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Mo tú ọwọ́ tuntun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dè fún un, mo fi imú rẹ̀ wé imú ti àtijọ́. Ìyàtọ̀ wọn kò tó sísanra èékánná. Ìyẹn tó. Mo dá ti àtijọ́ padà, mo pààrọ̀ ọ́ìlì tó ti jóná, mo wo páàdì rẹ̀ tó ti dán bíi gíláàsì, a pààrọ̀ ìyẹn náà.

Bí ẹ ṣe máa yẹ̀ ẹ́ wò fúnra yín nìyí. Ẹ fi ìka kan mi ṣóńṣó ọwọ́ bíréèkì díẹ̀díẹ̀ láìfún un: ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mì lófo díẹ̀ kó tó kan písítìnì. Bí kò bá mì lófo rárá, ìṣòro wà. Lẹ́yìn náà, ẹ tú ìdérí ìkòkò ọ́ìlì, kí ẹ bo ojú yín pẹ̀lú gíláàsì ojú, kí ẹ rọra fún ọwọ́ náà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ gan-an, ẹ gbọ́dọ̀ rí i kí ojú ọ́ìlì ru díẹ̀, tàbí kó ta pìn-ín sókè. Ọ́ìlì tó ń gba inú ihò yẹn padà kí písítìnì tó dí i nìyẹn. Bí ojú ọ́ìlì kò bá mì rárá, ihò ti dí: bóyá imú ọwọ́ ló gùn, bóyá ìdọ̀tí ló wà níbẹ̀.

Àwọn ọwọ́ kan ní sukúrúù kékeré tí a fi ń tún àlàfo yìí ṣe. Ẹ tú u padà títí ọwọ́ á fi mì lófo díẹ̀, kí ẹ sì di nọ́ọ̀tì rẹ̀ dáadáa. Èyí tí kò bá ní i, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi fáìlì ha imú rẹ̀. Ẹ dá a padà fún ẹni tó tà á.

Bó bá sì ṣẹlẹ̀ sí yín lójú ọ̀nà, lọ́nà Ọ̀yọ́ tàbí lórí Express Èkó, ẹ kúrò lójú títì, ẹ jẹ́ kó tutù. Bí sípánà bá wà lọ́wọ́, ẹ tú bóòtì tí ọwọ́ bíréèkì ti ń yí kí imú rẹ̀ lè kúrò lára písítìnì, táyà á tú. Kò sí bíréèkì iwájú níbẹ̀ mọ́ o. Ẹ wá ọkọ̀ tó máa gbé báìkì lọ.

Mo yí ọwọ́ padà tán, iná ẹ̀yìn kò tàn mọ́ tí mo bá fún bíréèkì. Báìkì náà kì í sì í dáhùn tí mo bá fẹ́ tan án nínú jíà.

Súwíìṣì kékeré wà lábẹ́ ọwọ́ méjèèjì. Ti bíréèkì ló ń tan iná ẹ̀yìn, ti kílọ́ọ̀ṣì ló ń sọ fún báìkì pé ẹ ti fún un, kí ó gbà láti tan. Bí ọwọ́ tuntun kò bá ní ibi tó ń kan súwíìṣì náà, nǹkan tí ẹ rí yẹn ló máa ṣẹlẹ̀. Àwọn kan á sọ pé kí ẹ so wáyà súwíìṣì kílọ́ọ̀ṣì pọ̀. Èmi ò ní bá yín so ó: báìkì tó bá tàn nínú jíà láìfún kílọ́ọ̀ṣì á fò síwájú. Iná ẹ̀yìn náà, ẹ mọ bí dánfó ṣe ń tẹ̀lé ènìyàn n'Íbàdàn. Ẹ rí i pé ó ń tàn kí ọwọ́ bíréèkì tó bẹ̀rẹ̀ sí í mú gan-an.

Irú ọ́ìlì bíréèkì wo ni kí n lò?

Èyí tí wọ́n kọ sára ìdérí ìkòkò náà. Ó sábà máa ń jẹ́ DOT 4. Nọ́ḿbà yìí dá lórí ìwọ̀n ooru tí ọ́ìlì lè gbà kó tó hó. DOT 3 tó jẹ́ tuntun kò gbọdọ̀ hó kó tó di 205°C, DOT 4 jẹ́ 230°C, DOT 5.1 jẹ́ 260°C. Ṣùgbọ́n ọ́ìlì wọ̀nyí máa ń fa omi láti inú afẹ́fẹ́. Bí omi bá ti wọ inú wọn, ìwọ̀n náà á lọ sílẹ̀: 140 fún DOT 3, 155 fún DOT 4, 180 fún DOT 5.1. Ẹ wo ìlú wa nígbà òjò, bí aṣọ kì í ṣeé gbẹ fún ọjọ́ mélòó kan. Afẹ́fẹ́ yẹn kan náà ni ọ́ìlì bíréèkì ń fà. Bó bá wá hó nínú kálípà, ó di atẹ́gùn gbígbóná, atẹ́gùn ṣeé tẹ̀ mọ́lẹ̀, ọwọ́ bíréèkì á sì wọlé dé hándù láì rí nǹkan kan mú.

Nítorí náà, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ ní ọdún méjì méjì ó pẹ́ jù, bí ẹ kò bá tilẹ̀ gun báìkì púpọ̀. Ẹ má ra ìgò tí wọ́n ti ṣí lọ́jà, bó ti wù kó pọ̀ tó nínú rẹ̀.

DOT 5 kì í ṣe ẹ̀yà DOT 5.1 o. Sílíkónì ni DOT 5, kò gbọdọ̀ pàdé àwọn yòókù. Àwọn kílọ́ọ̀ṣì ọlọ́ìlì kan wà tí wọ́n ń lo ọ́ìlì mineral, tí DOT máa ba rọ́bà inú wọn jẹ́. Ẹ ka ìdérí kí ẹ tó bu nǹkan sí i. Bí DOT bá sì kán sára tánkì, á jẹ pẹ́ńtì. Ẹ da omi sí i kíákíá.

Ṣé họ́ọ̀sì onírin yẹn wúlò àbí àṣehàn ni?

Ó wúlò, pàápàá bí báìkì yín bá ti dàgbà. Họ́ọ̀sì rọ́bà máa ń wú díẹ̀ tí ẹ bá fún bíréèkì, agbára ìka yín kan á lọ síbẹ̀. Họ́ọ̀sì tí wọ́n fi irin híhun bo kì í wú bẹ́ẹ̀, nítorí náà ọwọ́ á le dáadáa. Àwọn ilé-iṣẹ́ Japan sábà máa ń ní kí a pààrọ̀ họ́ọ̀sì rọ́bà lẹ́yìn ọdún mẹ́rin. Báìkì ọdún 2008 tó ń lo họ́ọ̀sì tó bá a wá láti ilé-iṣẹ́ ti kọjá ìyẹn jìnnà. Bí mo bá fẹ́ yan láàárín họ́ọ̀sì tuntun àti ọwọ́ tó ń dán, họ́ọ̀sì ni n óò rà.

Bí ẹ bá ń dè é, wáṣà tuntun ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì bóòtì kọ̀ọ̀kan; ẹ má dá wáṣà àtijọ́ padà. Ẹ yí hándù dé òpin lọ́tùn-ún àti lósì, ẹ tẹ iwájú báìkì mọ́lẹ̀, kí ẹ wò ó bóyá họ́ọ̀sì ń nà tàbí ó ń rá nǹkan. Irin híhun yẹn máa ń gé fírémù àti wáyà iná bí ayùn ni bó bá ń rá wọn.

Wọ́n fẹ́ ta másítà tí wọ́n kọ 19x18 sí lára fún mi. Kí ni ìtumọ̀ nọ́ḿbà náà?

19 ni ìbú písítìnì inú rẹ̀ ní mílímítà. 18 ni àlàfo láàárín ibi tí ọwọ́ ti ń yí àti ibi tó ti ń ti písítìnì. Bí nọ́ḿbà kejì bá kéré, ọwọ́ á rọ̀, ìrìn rẹ̀ á gùn díẹ̀. Bó bá jẹ́ 20, á le, ìrìn rẹ̀ á kúrú. Brembo ní èyí tí wọ́n ń pè ní RCS tí ẹ lè fi sukúrúù yí láàárín 18 àti 20.

Nọ́ḿbà àkọ́kọ́ ni kí ẹ ṣọ́ra fún. Ẹ jẹ́ ká fi 17 wé 19. Ìlọ́po 17 pẹ̀lú ara rẹ̀ jẹ́ 289, ti 19 jẹ́ 361. Ìyẹn ni pé 19 ń ti ọ́ìlì tó fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ìdá kan nínú mẹ́rin ju ti 17 lọ fún ìrìn kan náà, ẹ ó sì fún un ju ti tẹ́lẹ̀ lọ ní ìdá yẹn kí ẹ tó rí agbára kan náà. Ẹni tó ra másítà ńlá fún kálípà kékeré á rí ọwọ́ tó le bí òkúta, tí bíréèkì rẹ̀ kò sì mú. Ó máa ń yani lẹ́nu, nítorí owó púpọ̀ ló ti lọ. Másítà gbọ́dọ̀ bá kálípà mu. Nítorí náà ni mo ṣe máa ń fi í kẹ́yìn.

Báwo ni a ṣe ń yọ atẹ́gùn kúrò lẹ́yìn iṣẹ́?

Ẹ fi aṣọ bo tánkì. Ẹ bu ọ́ìlì tuntun kún ìkòkò. Ẹ fi rọ́bà funfun tó hàn gbangba sí bóòtì kálípà, kí orí kejì rẹ̀ wọ inú ìgò tó ní ọ́ìlì díẹ̀. Ẹ fún ọwọ́, ẹ dì í mú, ẹ tú bóòtì díẹ̀, ẹ dì í padà, ẹ wá jọ̀wọ́ ọwọ́. Ẹ máa ṣe é bẹ́ẹ̀ títí kò fi ní sí ìfòfó nínú rọ́bà náà mọ́. Ẹ má jẹ́ kí ìkòkò gbẹ láéláé, nítorí ẹ ó tún bẹ̀rẹ̀ láti ilẹ̀ ni.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ń gbàgbé ni bóòtì họ́ọ̀sì tó wà lára másítà fúnra rẹ̀. Òkè ni atẹ́gùn máa ń lọ, ibẹ̀ ló sì ga jù. Bí ọwọ́ bá ṣì rọ̀ lẹ́yìn tí kálípà ti mọ́, ẹ fi aṣọ yí bóòtì yẹn ká, ẹ fún ọwọ́, ẹ tú u díẹ̀, ẹ tún dì í. Bí báìkì yín bá ní ABS (ẹ̀rọ tí kì í jẹ́ kí táyà dì pa tí ẹ bá fún bíréèkì), atẹ́gùn lè há sínú pọ́ńpù rẹ̀, àwọn kan sì nílò kọ̀ǹpútà kí ó tó jáde. Ẹ gbé irú rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ní i.

Kílọ́ọ̀ṣì mi le jù. Ṣé ọwọ́ tuntun máa mú un rọ̀?

Bóyá. Ẹ kọ́kọ́ wo wáyà. Ẹ tú orí rẹ̀ lọ́wọ́, ẹ wò ó bóyá okùn irin kan ti já, ibẹ̀ ló sábà máa ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ da ọ́ìlì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sínú rẹ̀ láti òkè títí yóò fi jáde nísàlẹ̀. Nígbà ọyẹ́, eruku wa máa ń wọ inú rẹ̀, á sì di ẹrẹ̀ dúdú. Ẹ wo ibi tó gbà kọjá lábẹ́ tánkì, kó má ṣe tẹ̀ jù. Bí wáyà bá ti gbó, ẹ ra tuntun. Kò wọ́n tó ọwọ́.

Àwọn ọwọ́ kan wà tí wọ́n sún ibi tí wáyà ti wọlé mọ́ ibi tí ọwọ́ ti yí. Ó rọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n wáyà kò ní rìn tó bó ṣe yẹ, kílọ́ọ̀ṣì lè má já tán. Ẹ ó mọ̀ ọ́n bí niútùrà bá ṣòroó rí níbi iná Mọ́kọ́lá, tí báìkì sì ń fẹ́ rìn nígbà tí ẹ ti fún kílọ́ọ̀ṣì délẹ̀.

Ẹ fi àlàfo sílẹ̀ níbẹ̀ pẹ̀lú. Púpọ̀ nínú báìkì Suzuki oníwáyà ń fẹ́ kí ṣóńṣó ọwọ́ mì lófo bíi mílímítà 10 sí 15, ti Honda bíi 10 sí 20. Kawasaki máa ń wọ̀n ọ́n nítòsí ibi tó ti yí, mílímítà 2 sí 3. Ẹ wo ìwé tó bá báìkì yín wá. Àwọn bíi Hayabusa tí kílọ́ọ̀ṣì wọn jẹ́ ọlọ́ìlì kò ní wáyà tí ẹ máa tún ṣe; bí ó bá ń já kù, atẹ́gùn tàbí ọ́ìlì àtijọ́ ni kí ẹ wá.

Bí mo bá fún un níná nígbà tí mo ń gun Òkè Mọ́kọ́lá, ẹ́ńjìnì á ké, báìkì kò ní sáré. Ọwọ́ tuntun ló fà á?

Ó ṣeé ṣe. Bí wáyà bá le jù, tí kò sí àlàfo, ńṣe ló dà bí ẹni pé ẹ ń fún kílọ́ọ̀ṣì díẹ̀ nígbà gbogbo, á máa yọ̀. Ẹ tú u sílẹ̀ díẹ̀ kí ẹ tún gun òkè náà. Bó bá ṣì ń yọ̀, ẹ béèrè ọ́ìlì ẹ́ńjìnì tí wọ́n dà sí i kẹ́yìn. Inú ọ́ìlì ẹ́ńjìnì ni kílọ́ọ̀ṣì àwọn báìkì wọ̀nyí wà. Ọ́ìlì mọ́tò tí wọ́n kọ Energy Conserving sí lára ní èròjà tó ń mú nǹkan yọ̀, kílọ́ọ̀ṣì kò sì fẹ́ ìyẹn. Ẹ wá ọ̀rọ̀ JASO MA tàbí MA2, àmì ọ́ìlì tó bá kílọ́ọ̀ṣì báìkì mu, lẹ́yìn gálọ́ọ̀nù. Bí ọ́ìlì bá dára, tí àlàfo wà, tó ṣì ń yọ̀, páàlì kílọ́ọ̀ṣì ti jẹ tán.

Ṣé ó yẹ kí n pààrọ̀ páàdì àti dísìkì pẹ̀lú?

Páàdì, bó bá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán tàbí tó ti dán. Dísìkì, ẹ wò ó lára: wọ́n ti kọ MIN TH àti nọ́ḿbà sí i. Bó bá ti fẹ́lẹ́ ju nọ́ḿbà yẹn lọ, ẹ yọ ọ́.

Báwo ni a ṣe ń di ọwọ́ mọ́ hándù?

Ẹ jókòó bí ẹ ṣe máa ń gùn ún, kí ẹ na apá. Ọwọ́ bíréèkì gbọ́dọ̀ wà ní ìlà kan náà pẹ̀lú apá yín, kí ọrùn ọwọ́ má tẹ̀ sókè tàbí sísàlẹ̀. Ìdè másítà tí wọ́n kọ UP sí, kí ọ̀rọ̀ náà kọjú sókè. Bóòtì òkè ni ẹ ó kọ́kọ́ dì délẹ̀, kí ẹ tó di ti ìsàlẹ̀. Ẹ má dì í bí ẹni ń bínú. Bí báìkì bá ṣubú, ó dára kí ìdè náà lè yí lórí hándù ju kí ọwọ́ kán lọ.

Níbo ni kí n ti dán an wò?

Ẹ má gbé e bọ́ sí títì Ríǹgì Róòdù lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ẹ fún bíréèkì léraléra níbi tó dúró sí títí ọwọ́ á fi le. Ẹ fẹsẹ̀ tì í, ẹ fún un, ẹ wo bóyá táyà ń yí fàlàlà tí ẹ bá jọ̀wọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ gùn ún ní ilẹ̀ tó tẹ́jú tí kò sí ọmọdé níbẹ̀, bí ẹni ń rìn. Bí páàdì bá jẹ́ tuntun, ẹ máa rọra fún un láti ìwọ̀n ìsáré 50 sí 10 kìlómítà ní wákàtí nígbà bíi mélòó kan, kí ẹ jẹ́ kó tutù láàárín wọn. Ẹ na ọwọ́ sí tòsí dísìkì láìfi kàn án, bí ooru rẹ̀ bá ń bá yín lọ́wọ́ láìṣe iṣẹ́ púpọ̀, ẹ padà lọ yẹ àlàfo ọwọ́ wò.

Kí ni kí n ṣe sí ọwọ́ àtijọ́?

Ẹ má sọ ọ́ nù, ẹ má sì tà á. Ẹ fi ọ́ìlì díẹ̀ pa á, ẹ wé e sínú aṣọ, ẹ fi sábẹ́ ìjókòó pẹ̀lú sípánà tó ń tú u. Bí ti tuntun bá kán lọ́nà Ìjẹ̀bú-Òde tàbí ní Ògbómọ̀ṣọ́, òun ló máa gbé yín délé. Ẹ sì máa gbé e síra pẹ̀lú èyíkéyìí tí wọ́n bá tún fẹ́ tà fún yín.